Àgádágodo Kọ́ Ló Ń Ṣọ́ Ẹrù

Aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ ìgbéyàwó ni mò ń tà ní Iléṣà. Ọmọ òṣómàáló ni mí tọwọ́-tẹsẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi ru aṣọ dé ìlú tí n kò lè dárúkọ tán, ó ń tà á láwìn, ó sì ń lóṣòó dúró de owó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Èmi náà ń ru aṣọ, àmọ́ bàálù ni mo fi ń rù ú. Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní London, ní Houston àti ní Toronto máa ń sọ pé aṣọ tí wọ́n hun nílé làwọn fẹ́, àti pé kí n gbé e wá fúnra mi, kí n lè bá wọn wé gèlè ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Irú ẹrù báyìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ pé bó bá sọnù, a ó ra òmíràn. Aṣọ tó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí òfì, níbo lẹ fẹ́ rí irú rẹ̀ rà ní Houston ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì tí ìgbéyàwó ku ọ̀la?

Nítorí iṣẹ́ yìí, àwọn tó ń múra ìrìn-àjò ládùúgbò wa máa ń wá bá mi. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé irú àgádágodo wo ni kí àwọn rà. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ rí ọkùnrin tó ń tún báàgì ṣe lẹ́bàá Ọjà Atákúnmọ́sà ná.

Ọkùnrin yìí ló là mí lójú. Mo gbé àpótí kan lọ bá a kó bá mi pààrọ̀ táyà rẹ̀ tó ti já. Ó rí àgádágodo tí mo fi so orí síìpù méjèèjì pọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣí i láì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yín?" Mo ní kó ṣí i kí n rí i. Báírò tó fi ń kọ orúkọ oníbàárà ló mú. Ó fi ẹnu báírò náà gún àárín síìpù, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, eyín síìpù yà sọ́tùn-ún sósì. Ó fi ìka ya ìyókù, àpótí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó nawọ́ sínú rẹ̀, ó mú ìborùn kan jáde, ó fi hàn mí, ó dá a padà. Lẹ́yìn náà ló di orí síìpù méjèèjì mú bí àgádágodo ṣe so wọ́n pọ̀, ó wọ́ wọn lọ dé ìpẹ̀kun, ó tún wọ́ wọn padà bọ̀. Eyín síìpù wọnú ara wọn. Kò sí àpá kankan níbẹ̀. Àgádágodo mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí, ó ń dán.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó ti àpótí náà, èmi náà gbà á wò pẹ̀lú báírò. Ó ṣí. Mo wá ń yẹ̀ ẹ́ wò ní oríṣiríṣi ọ̀nà títí mo fi rí i pé orí síìpù tó lè rìn ni olè ń lò láti pa á dé padà. Bí ẹ bá fi àgádágodo so orí síìpù mọ́ òrùka tí wọ́n rán mọ́ ara àpótí, tàbí mọ́ ọwọ́ tí à ń fi gbé e, kò ní rí i wọ́. Yóò ṣì fi báírò ṣí i o, ṣùgbọ́n kò ní lè pa á dé, àpótí á sì jáde sí yín ní yíyà, ẹ ó ti mọ̀ kí ẹ tó kúrò ní pápákọ̀ òfurufú. Àpótí ike líle tí ìkọ́ irin ń tì, tí kò ní síìpù rárá, tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó wúwo, bẹ́ẹ̀ kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ń fún wa lórí àpótí kan.

Ẹni tó bá ń lọ Amẹ́ríkà, kó ra àgádágodo tó ní àmì TSA lára. TSA ni àjọ aláàbò pápákọ̀ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i, torí òfin gbà wọ́n láyè láti tú ẹrù wò. Èyí tí kò bá ní àmì yẹn, wọ́n lè gé e, wọ́n á sì fi ìwé pélébé kan sínú ẹrù pé àwọn ló tú u. Mo ti bá ìwé yẹn nínú àpótí mi rí, lórí agbádá tí wọ́n ká padà ní ọ̀nà tí ọmọ Yorùbá kankan kò lè gbà ká agbádá. Ọ̀rá tí wọ́n ń wé mọ́ ẹrù ní pápákọ̀ náà ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, ó ń lé ẹni tó ń kánjú sẹ́yìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí á fi ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí á bèèrè ohun tó wà nínú àpótí gan-an. Kí n tó di ẹrù, mo máa ń bi ara mi pé: bí àpótí yìí kò bá dé rárá, ṣé ìyàwó yóò ṣì rí nǹkan wọ̀ jáde? Aṣọ ìyàwó àti ti ọkọ, iyùn ọrùn àti ti ọwọ́, fìlà ọkọ, àwọn wọ̀nyẹn kì í lọ sábẹ́ bàálù. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń bá lọ. Iyùn wúwo, ilé iṣẹ́ bàálù mìíràn kò sì fẹ́ kí ẹrù ìléwọ́ ju kílò 7 lọ, nítorí náà aṣọ àti bàtà tèmi ni mo ń tì sí abẹ́. Bí èmi bá dé láìní aṣọ, n ó yá ti ẹlòmíràn wọ̀.

Ọ̀nà tí à ń gbà pín ìyókù náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ń di ẹrù ẹbí sábà máa ń fẹ́ kó gbogbo gèlè sínú àpótí kan, kó kó gbogbo ìró àti bùbá sínú èkejì, torí ó wuni bẹ́ẹ̀. Kí àpótí kan wá sọnù: gbogbo ẹbí á dúró síbẹ̀, kò ní sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ pé. Èèyàn ni mo fi ń pín tèmi. Ti ìyá ìyàwó wà pọ̀, láti orí gèlè dé ìpèlé, ti ìyá ọkọ sì wà nínú àpótí kejì. Bí ọ̀kan bá pẹ́ dé, àwọn kan ṣì wọṣọ pé.

Inú ẹrù ìléwọ́ náà, àpò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní okùn tí mo lè gbé kọ́rùn. Iyùn, wúrà, páspọ́ọ̀tù, owó, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi àti power bank, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Bí ibi ìkẹ́rùsí tó wà lókè orí bá ti kún, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bàálù, wọ́n á ní ẹrù ìléwọ́ yín náà ń lọ sábẹ́. Wọn ò bi yín bóyá ẹ fẹ́. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ wà káàkiri inú báàgì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lójú gbogbo ayé, èrò á máa pòṣé lẹ́yìn rẹ̀. Èmi á kàn fa àpò kékeré mi yọ, n ó fa aṣọ ìyàwó tí mo ká sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ yọ, n ó gbé e lé apá, kí wọ́n máa gbé ìyókù lọ. Power bank kò tilẹ̀ gbọdọ̀ lọ sábẹ́, torí bátìrì inú rẹ̀ lè gbiná. Inú ẹrù ìléwọ́ ló yẹ kó wà, kí agbára rẹ̀ má sì ju 100 Wh lọ bí ẹ kò bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára jẹ́ nǹkan bíi 74 Wh, wọ́n á gbà á. Àwọn ilé iṣẹ́ bàálù fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì pé kí á má ṣe kó owó, góòlù, kọ̀ǹpútà àti ìwé pàtàkì sínú ẹrù abẹ́. Ta ló ń ka àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì? Ọjọ́ tí nǹkan bá sọnù ni wọ́n ń kà á sí èèyàn létí.

Lẹ́yìn èyí ló kan fọ́tò. Mo máa ń tẹ́ gbogbo nǹkan sórí bẹ́ẹ̀dì, n ó yà á, n ó tún yà á bó ṣe wà nínú àpótí, n ó wá ya àpótí fúnra rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rísíìtì tí mo gbà lọ́wọ́ ahunṣọ, mo ń ya ìyẹn náà. Ọmọ mi obìnrin máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń ya ẹrù ju bí mo ṣe ń ya àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. Ìwé kan ń wà ní òkè pátápátá nínú àpótí: orúkọ mi, nọ́ńbà WhatsApp mi, ìlú tí mò ń lọ. Bí lébẹ́ẹ̀lì ìta bá já, ẹni tó bá ṣí i á mọ ẹni tó ni ín. Ní ìta, nọ́ńbà fóònù ti tó. N kì í kọ àdírẹ́sì ilé síbẹ̀, kí aláìníṣẹ́ kan má baà mọ̀ pé ilé báyìí-báyìí ní Ìsọ̀kun ti ṣófo. Lébẹ́ẹ̀lì ìrìn-àjò àtijọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo ń já kúrò, títí kan èyí tín-ín-tìn-ìn tí wọ́n ń lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ẹ̀rọ ló ń ka ilà dúdú ara wọn, ó sì lè ka ti àtijọ́ kó gbé ẹrù yín gba ọ̀nà ibòmíràn. Ọmọ mi tún ra AirTag fún mi, ohun róbótó kan tí mo ń jù sínú àpótí. iPhone èyíkéyìí tó bá kọjá nítòsí rẹ̀ ló ń ta mí lólobó ibi tó wà.

Aṣọ àǹkárá pupa tí àwọn kan ń so mọ́ ọwọ́ àpótí kí wọ́n lè dá a mọ̀, gbogbo Nàìjíríà ló ń so ó. Àpótí dúdú mẹ́wàá á máa bọ̀ lórí bẹ́líìtì, àǹkárá pupa lára mẹ́fà. Mo fi ọ̀dà funfun kọ lẹ́tà ńlá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tèmi. Kò dára lójú, àmọ́ kò sí ẹni tó ṣèèṣì gbé e lọ rí.

Ẹrù tèmi kò fún mi ní wàhálà tó ẹrù àwọn ẹlòmíràn. Kí ìròyìn ṣáà ti jáde pé mò ń rìnrìn-àjò, ẹnu ọ̀nà mi á di ọjà. Ìyá kan ládùúgbò wa gbé èlùbọ́ wá fún ọmọ wọn ní London, wọ́n ti fi ọ̀rá méjì wé e, wọ́n sì ti fi sẹ́lòtéèpù lẹ̀ ẹ́ yíká. Mo gbé àtẹ ńlá kan wá, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú o, mo ní láti tú u." Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ṣé èmi ni n ó wá fi nǹkan burúkú sẹ́rù rẹ? Ìwọ tó jẹ́ pé ìṣojú mi ni wọ́n bí ọ!" Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, n kò fura sí yín. Ẹni tó lọ èlùbọ́ yìí ni n kò mọ̀. Ẹni tó bá yín gbé e wá láti abúlé ni n kò mọ̀. Ẹni tó jókòó tì í nínú mọ́tò ni n kò mọ̀. Bí wọ́n bá rí nǹkan nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn ò ní bèèrè yín, èmi ni wọ́n á mú." Wọ́n wò mí títí. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi já sẹ́lòtéèpù náà. Mo dà á sórí àtẹ, mo fi asẹ́ kù ú lójú wọn, mo dì í padà sínú ọ̀rá tuntun. Èlùbọ́ náà dáa, ó dúdú, ó kúnná. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n bù díẹ̀ ro àmàlà alẹ́.

Ẹran gbígbẹ ni n kì í gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ mí tó. Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran láti ọ̀dọ̀ wa wọlé. Wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á nù, wọ́n á sì fi tìtorí rẹ̀ tú ìyókù ẹrù. Oògùn náà ńkọ́? Rárá o, kódà kó jẹ́ ti orí fífọ́. Oníbàárà kan tún ní kí n bá òun ra orí idẹ kan ní Ilé-Ifẹ̀, àfijọ àwọn ti ayé àtijọ́, kí òun gbé e sí pálọ̀. Àfijọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè tó wà ní Ìkẹjà kò lè fi ojú lásán mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú nǹkan yẹn jáde, kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCMM, àwọn tó ń mójú tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, pé kì í ṣe ohun àtayébáyé. Láìsí ìwé yẹn, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ní pápákọ̀, ẹni tó múra dáadáa ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ọ̀gbẹ́ni kan bá mi lórí ìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹrù mi ti ju ìwọ̀n lọ. Ṣé ẹ lè bá mi fi díẹ̀ kún tiyín? Ibì kan náà là ń lọ." Mo ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ọ ṣe é, n kò lè gbé e." Ó ní òun á fún mi ní nǹkan. Ìgbà tó dárúkọ owó ni mo ti kẹ̀kẹ́ ẹrù mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pátápátá.

Kì í ṣe ojo ni mò ń ṣe. Ní oṣù Kejìlá 2018, wọ́n mú ọ̀dọ́bìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba Kánò lọ ṣe Umrah ní Saudi Arabia. Wọ́n rí tramadol, oògùn apàrora líle kan, nínú báàgì kan tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gbé orúkọ rẹ̀, báàgì tí kò fojú kàn rí. Àwọn kan ní pápákọ̀ ló ti lo orúkọ rẹ̀ láti fi lébẹ́ẹ̀lì sí ẹrù oògùn. Lọ́hùn-ún, ẹ̀sùn oògùn lè yọrí sí ikú. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2019 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn arìnrìn-àjò mẹ́ta tó gbéra láti Kánò. Jeddah ni wọ́n tì wọ́n mọ́ kí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, tó fi ẹ̀rí hàn pé ẹrù náà kì í ṣe tiwọn.

Àgádágodo wo ló fẹ́ dènà ìyẹn? Ẹrù tí wọ́n fi mú wọn kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rí.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, n kì í kánjú kúrò ní káńtà mọ́. Mo ń ya fọ́tò àpótí kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, kí iye kílò hàn, kí lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn náà hàn. Nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ díjíìtì 10 wà lára lébẹ́ẹ̀lì yẹn, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta tó ń sọ ibi tí ẹrù ń lọ: LHR ni Heathrow, LGW ni Gatwick, IAH ni Houston, LOS ni Èkó wa níbí. Mo ń ka lẹ́tà mẹ́ta yẹn sókè kí ọmọ tó wà ní káńtà gbọ́. Mo sì ń ka iye ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn boarding pass mi: ẹrù méjì, ìwé méjì. Bí mo bá rí ẹ̀kẹta, n kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣàlàyé. Bí wọ́n bá mú ẹrù ẹlòmíràn tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan, mo ní fọ́tò méjì péré tí mo fi lé wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwọ̀n wọn.

Ojú ọ̀nà láti Iléṣà dé Ìkẹjà náà ní tirẹ̀. Ifẹ̀, Ìbàdàn, títí dé Ìbafò níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti lè mú yín dúró: bí a bá dúró jẹun, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mò ń kúrò nílé. Tí mo bá dé pápákọ̀, àwọn alábàárù á sáré wá, wọ́n á ti di ọwọ́ àpótí mú kí n tó sọ̀ kalẹ̀. N kì í bínú sí wọn, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, àmọ́ èmi ni mò ń ti ẹrù mi.

Níbi tí ẹ̀rọ ti ń wo ẹrù ìléwọ́, ẹ má ti àpò yín wọlé títí yóò fi kan yín láti kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ti fóònù àti wúrà lọ, wọ́n á wá dúró lẹ́yìn ẹni mẹ́ta tó ń bọ́ bẹ́líìtì, nǹkan wọn á sì ti jáde lódì kejì sí ojú gbogbo ayé. Iyùn máa ń dúdú kirikiri lójú ẹ̀rọ, wọ́n á fẹ́ wò ó. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí á lọ sí kọ̀rọ̀ kan, n kì í tẹ́ ẹ sórí tábìlì níta. Nínú bàálù, abẹ́ àga tó wà níwájú mi ni àpò kékeré ń wà, mo ti ẹsẹ̀ bọ okùn rẹ̀. Olè wà tó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì nítorí kí ó lè dìde lóru, kó ṣí òkè orí bí ẹni ń wá kóòtù rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi í.

Houston ni mo ti rí ìwúlò fọ́tò wọ̀nyẹn dáadáa. A pààrọ̀ bàálù ní ìlú kan ní Yúróòpù, ààyè àárín ìkíní àti èkejì kò gùn. Nígbà tí a dé, bẹ́líìtì ẹrù yí, ó yí, àpótí kan jáde, èkejì kò jáde. Ọmọ tó wá gbé mi ti ń pè láti ìta pé kí á máa lọ, a ó padà wá lọ́la. Mo ní kó jókòó. Ẹ má jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn yẹn láì kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní PIR, èyí tí èèyàn fi ń sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù pé ẹrù òun kò dé tàbí pé ó bàjẹ́. Ẹni tó bá ti jáde tán, wọ́n lè ní ìta ló ti sọ ẹrù rẹ̀ nù.

Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ẹrù gbé káàdì kan síwájú mi, àwòrán oríṣiríṣi àpótí wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀, ó ní kí n nawọ́ sí èyí tó jọ tèmi. Mo nawọ́ sí i, mo sì gbé fóònù fún un. Ó wo àpótí, ó wo lébẹ́ẹ̀lì, ó wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó bèèrè pé aṣọ kí ni èyí tó ń kọ mànà yẹn, a sì sọ̀rọ̀ aṣọ òkè díẹ̀. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú WorldTracer, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù káàkiri ayé fi ń wá ẹrù tó ṣìnà, ó fún mi ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IAH. AirTag ti fi hàn mí kó tó parí pé àpótí náà kò kúrò ní ìlú tí a ti pààrọ̀ bàálù. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Àpótí ìyá ọkọ ni. Ìyàwó wọṣọ pé, ọkọ wọṣọ pé, ìyá ìyàwó tàn bí òṣùpá, iyùn wà lọ́rùn àwọn tó ni ín. Ìyá ọkọ fajú ro sí mi ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kò sì jẹ̀bi. A ra léèsì àti gèlè fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù ará ilé kan níbẹ̀, mo sì rí i dájú pé a gba rísíìtì tó ní déètì. Ìgbéyàwó ti kọjá kí àpótí tó dé. Wọ́n gbé e wá sílé, igun rẹ̀ kan ti fọ́ wómúwómú.

Àdéhùn Montreal ti 1999, tí Nàìjíríà wà lára rẹ̀, ló ń darí ọ̀rọ̀ ẹrù lórí irú ìrìn-àjò yìí. Bí ẹrù bá bàjẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé láàárín ọjọ́ 7 tí ẹ gbà á. Bó bá pẹ́ dé, ẹ ní ọjọ́ 21 láti ìgbà tí ó dé ọwọ́ yín. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá lórí ọjọ́ tó yẹ kó dé tí ẹ kò rí i, ẹ lè kà á sí èyí tó sọnù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ilé ẹjọ́ ní ọdún 2. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 2024, iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san fún èrò kan lórí ẹrù ni 1,519 SDR, owó ìṣirò àjọ IMF, ó sì tó nǹkan bíi 2,000 dọ́là. Gbogbo ẹrù yín ni wọ́n fi ń ṣe o, kì í ṣe àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè sọ iye tí ẹrù yín tó ní káńtà, kí ẹ san owó lé e, kí iye yẹn lè ga sí i, àmọ́ bí ẹ kò bá bèèrè, n kò tíì rí òṣìṣẹ́ tó sọ ọ́ fún èèyàn.

Ilé iṣẹ́ bàálù náà kọ́kọ́ dákẹ́. Mo tún kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn á bá mi dín owó tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn kù. Mo fèsì pé n kò bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì, rísíìtì aṣọ àti àpótí tó fọ́ ni mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀rí hàn pé àpótí náà kò ti fọ́ kó tó dé ọwọ́ àwọn. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn! Mo fi fọ́tò orí òṣùwọ̀n ránṣẹ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé pérépéré, déètì àti aago wà lára rẹ̀. Bí lẹ́tà wọn bá wọlé lónìí, ọjọ́ náà ni mò ń fèsì. N kò bú ẹnikẹ́ni, n kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n san owó aṣọ pé. Ti àpótí, wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ pé ó ti gbó, ìyẹn kì í ṣe irọ́, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Nípa owó iṣẹ́ mi, àkáǹtì ni mò ń ní kí àwọn oníbàárà san án sí. Ẹni tó bá gbé owó tó ju 10,000 dọ́là lọ wọ Nàìjíríà tàbí jáde gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aṣọ́bodè, n kò sì fẹ́ ohun tí yóò mú mi dúró ti tábìlì aṣọ́bodè ka owó lójú èrò. Mo ti bẹ àwọn ọmọ mi náà kí wọ́n yé gbé fọ́tò boarding pass mi sórí status. Orúkọ èèyàn àti kóòdù tí wọ́n fi gba àyè fún un nínú bàálù wà nínú àmì tí ẹ̀rọ ń kà yẹn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi wọ inú ìrìn-àjò yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó yí i padà.

Bí bàálù bá balẹ̀ lálẹ́, Ìkẹjà ni mò ń sùn, ó di àárọ̀ kí á tó dorí kọ ilé. Àpótí òfo ni mo sábà ń gbé bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá ọ̀nà lóru kò mọ̀ pé òfo ni.